Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó dákẹ́ kò tíì kú: Bí alágbàfọ̀ ṣe lè fi páàtì tuntun jí i dìde láìba owó òwò jẹ́

Ẹni tó bá mọ àdúgbò Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì, lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ibẹ̀ ti kọjá ti ọpọ́n àti ọwọ́ lásán. Àwọn ilé tí wọ́n ń háyà fún àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ẹ́sítéètì tó kún fún òṣìṣẹ́ tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ iṣẹ́ fún alágbàfọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ kó padà sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ṣàdédé dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí aṣọ àwọn tó ń lọ sóde àríyá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ṣì wà nínú omi, òwò dákẹ́ nìyẹn, oníbàárà kò sì ní fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan.

Ọ̀kan nínú ohun méjì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò pe ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní òun lè tún ẹ̀rọ ṣe, wọn yóò sì san iye tó bá pè. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ náà ti lo ìgbà tirẹ̀, wọn yóò wá owó èlé lọ ra tuntun. Ọ̀nà méjèèjì ló lè kó gbèsè bá èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà lè má ju rọ́bà kan tàbí ẹyọ owó kan tó há sínú pọ́ńpù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba kó tó di ìgbà náà ti kọjá 1,400 náírà kí oṣù kejì, ọdún 2024 tó parí. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ àti páàtì inú wọn ti ń wá, nítorí náà, owó tuntun fò sókè. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2024 kan náà, owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà bọ́ sí 225 náírà lórí ẹyọ kan. Alágbàfọ̀ tí irú ìnáwó báyìí bá ti yí ká kò lè máa sọ ẹ̀rọ tó ṣeé tún ṣe nù.

Kí èèyàn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ

Ohun àkọ́kọ́ ni ààbò. Omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Yíyí bọ́tìnnì pa nìkan kò tó, ó di dandan kí èèyàn yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, nítorí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà lè gbé iná wọlé lójijì nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó ti ẹ̀rọ omi, kí ó sì fa omi inú ẹ̀rọ dànù. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń da aṣọ sí lẹ́nu iwájú, àwọn ilé iṣẹ́ máa ń so kọnkéré tàbí irin wúwo mọ́ ọn kó má baà máa fò nígbà tó bá ń yí. Èèyàn méjì ni kó gbé e, kì í ṣe ẹnì kan.

Kapásítọ̀ tún wà níbẹ̀, ohun roboto tàbí onígun mẹ́rin kékeré tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ olójú méjì tí wọ́n ń da aṣọ sí lókè. Ó lè ṣì máa pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú rẹ̀ dànù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bákan náà, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní wáyà ilẹ̀, kí wọ́n pe oníná kó fà á síbẹ̀ kí wọ́n tó ronú kan àtúnṣe kankan. Ọjọ́ tí iná bá jò sára irin ẹ̀rọ náà, wáyà yẹn ló ń gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́ là.

Ohun kejì ni orúkọ ẹ̀rọ. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní bébà kékeré kan lára, bóyá lẹ́yìn rẹ̀ tàbí létí ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Kí wọ́n da gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà ibẹ̀ kọ láìku ẹyọ kan, nítorí ẹ̀rọ méjì tó jọra wọn bí ìbejì lè ní pọ́ńpù tó yàtọ̀ síra.

Àmì tó ń sọ ibi tí àìsàn wà

Bí omi kò bá jáde: Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù. Ní ìsàlẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni asẹ́ kan wà lẹ́yìn ìdérí kékeré. Kí wọ́n tẹ́ àwo sílẹ̀, kí wọ́n tú u wò. Ẹyọ owó, bọ́tìnnì, píìnì irun àti irin inú kọ́ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀. Bí asẹ́ bá mọ́, kí wọ́n wo họ́ọ̀sì tó ń gbé omi jáde bóyá ó ká. Bí èyí náà bá dára, tí pọ́ńpù ń kùn ṣùgbọ́n tí kò fa omi, tàbí tí kò tilẹ̀ dún rárá, ó ṣeé ṣe kí pọ́ńpù ti lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì díẹ̀, wáyà méjì àti họ́ọ̀sì méjì péré ló dè é mú, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Bí omi kò bá wọlé: Ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Lẹ́kkí ló ń lo omi bóòhóòlù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Iyanrìn àti ìpẹtà pupa inú omi bẹ́ẹ̀ máa ń dí asẹ́ kékeré tó wà níbi tí họ́ọ̀sì ti wọ ẹ̀rọ. Kí wọ́n tú họ́ọ̀sì náà, kí wọ́n fa asẹ́ yìí jáde, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Bí omi kò bá ṣì wọlé, fáàfù tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi ló kàn. Ẹni tó bá ní mítà ìwọnná lè wò ó. Nínú fáàfù tó ń lo iná 220 sí 240 fóòtì, nǹkan bíi 3,500 sí 4,500 ọ́ọ̀mù ló sábà máa ń kà. Bí mítà kò bá ka ohunkóhun, wáyà inú rẹ̀ ti já, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bí dúrọ́ọ̀mù kò bá yí: Omi wọlé, omi jáde, ṣùgbọ́n aṣọ dúró sójú kan. Kí wọ́n tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí wọ́n wo bẹ́líìtì. Ó lè ti já tàbí kó ti bọ́. Bí bẹ́líìtì bá dára, tó sì jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì tó ń lo káábọ̀nù ni, káábọ̀nù méjèèjì ni kí wọ́n wò. Bí wọ́n ti ń fara kan ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, bí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ olùkọ́. Bí gígùn ọ̀kan bá ti kù bíi mìlímítà 10, méjèèjì ni wọ́n ń pààrọ̀ pa pọ̀, wọn kì í pààrọ̀ ẹyọ kan. Páàtì tí owó rẹ̀ kéré gan-an ni, síbẹ̀ àìmọ̀ rẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra odidi ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n kọ ínfátà sí lára kì í lo káábọ̀nù, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní bẹ́líìtì. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni ìyẹn.

Nínú ẹ̀rọ olójú méjì, bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn ṣùgbọ́n tí kò lè gbéra, kapásítọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ gan-an ni kó wà lára tuntun, iye fóòtì tuntun kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́.

Bí ó bá ń pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú: Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún aṣọ gbẹ ni ariwo yìí máa ń pọ̀. Bíárìn ló ti jẹ. Nọ́ńbà wà lára bíárìn náà, irú bíi 6204 tàbí 6205. Èyí tó jẹ́ 6205, ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, fífẹ̀ rẹ̀ 52, nínípọn rẹ̀ 15, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló ṣe bíárìn, nítorí náà ó ṣeé rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bíárìn. Àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, nítorí odidi agbada inú ẹ̀rọ ni wọn yóò tú. Rọ́bà tó ń dí omi lọ́nà ni kí wọ́n pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí pé omi tó jò gba ibẹ̀ ló ba bíárìn àkọ́kọ́ jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ti lẹ agbada wọn pa láti ilé iṣẹ́. Kí wọ́n béèrè èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá ń jò: Kí wọ́n wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn bóyá ó ti ya, kí wọ́n sì wo àwọn ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ra. Nígbà mìíràn, ọṣẹ ló fà á. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ lọ́wọ́ máa ń hó ju èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ lọ, ìhó náà yóò sì wá ọ̀nà jáde.

Bí omi kò bá gbóná: Ẹni tó ní mítà lè wọn irin tó ń gbé omi gbóná. Èyí tó jẹ́ 2,000 wáàtì yóò ka nǹkan bíi 26 ọ́ọ̀mù. Bí kò bá ka nǹkan kan, ó ti jó.

Bí ẹ̀rọ kò bá tanná rárá: Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà fíúsì inú púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà wáyà, lẹ́yìn náà ibi tí ilẹ̀kùn ti ń tì. Bọ́ọ̀dù ni kó gbẹ̀yìn. Òótọ́ ni pé iná tó bá fò sókè lójijì máa ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni àwọn alábòsí oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé owó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù ti jó, kí ó fi ojú ibi tó jó hàn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni tó ń tú ẹ̀rọ fi fóònù ya àwòrán wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó fà á yọ, kó sì máa kó nọ́ọ̀tì ibì kan pa mọ́ sínú ike kan.

Bí wọ́n ṣe ń ra páàtì

Alágbàfọ̀ Ìkátẹ̀ tó ń lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò oníná jù nílùú Èkó, mọ̀ pé odidi ọjọ́ kan lè lọ sí ìrìn àjò náà nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nítorí náà, ìrìn àjò náà kò gbọdọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì. Páàtì tó bàjẹ́ gan-an ni kí wọ́n mú dání, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì ni, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ 1192 J5, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,192, ìlà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní J, ìlà náà sì jẹ́ márùn-ún. Èyí tó fi díẹ̀ gùn jù yóò máa yọ̀, èyí tó bá kúrú jù yóò jẹ bíárìn.

Kì í ṣe gbogbo páàtì ló yẹ kí èèyàn ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn, gíláàsì, ìdérí àti irin ìta kò ní wàhálà bí wọ́n bá ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n káábọ̀nù, bẹ́líìtì, bíárìn àti rọ́bà jẹ́ ohun tó ń jẹ tán. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n ti lò rí, ìyókù ọjọ́ ayé ẹlòmíràn ló rà.

Kí wọ́n gba rìsíìtì tí orúkọ páàtì àti déètì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọlọ́jà kọ ọjọ́ tí wọ́n lè dá a padà sí i. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà sílẹ̀ sọ pé ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n tún ṣe tàbí tí wọ́n ti lò rí gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn sí ẹni tó ń rà á. Rìsíìtì ni ẹ̀rí, àìsí rẹ̀ ni ẹjọ́ fi ń di “ó sọ, mo sọ.”

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti ilẹ̀ Yúróòpù. Láti oṣù kẹta, ọdún 2021 ni òfin wọn ti sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn páàtì pàtàkì rẹ̀ nílẹ̀ fún ọdún 10, ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta èyí tó gbẹ̀yìn lára irú ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè tí oníṣòwò Ìkátẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bi ọlọ́jà kó tó ra ẹ̀rọ nìyẹn: níbo ni páàtì rẹ̀ wà, ta ló ń tà á, ta ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe? Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí páàtì rẹ̀ kò sí lọ́jà, ọ̀wọ́n ni.

Ìṣirò ló yẹ kó pinnu

Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní ẹ̀rọ kan ń fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, tí èrè tó ń kù lórí ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn owó ọṣẹ, omi, iná àti òṣìṣẹ́, jẹ́ 600 náírà. Èrè ọjọ́ kan jẹ́ 6,000 náírà nìyẹn. Pọ́ńpù bàjẹ́. Owó páàtì, ọkọ̀ àti oníṣẹ́ jẹ́ 30,000 náírà, ẹ̀rọ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ yóò ní 30,000 náírà làwọn ná, wọ́n gbàgbé 18,000 náírà tí kò wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48,000 náírà, ìyẹn èrè ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ẹ̀rọ tuntun bá jẹ́ 450,000 náírà, èrè ọjọ́ 75 nìyẹn. Kò sí àní-àní pé àtúnṣe ló sàn.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀rọ náà ti lo ọdún méje, tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ jó, tí bíárìn rẹ̀ náà sì ń pariwo. Bọ́ọ̀dù jẹ́ 180,000 náírà, bíárìn àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 60,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀, 240,000 náírà, ti kọjá ìdajì owó tuntun. Níbí yìí, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìlànà tó rọrùn ni pé bí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tuntun, tí ẹ̀rọ náà sì ti dàgbà, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe gbé e fún akólẹ̀. Pọ́ńpù, fáàfù, ilẹ̀kùn àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì lè gba ẹ̀rọ kejì là, bí ẹ̀rọ méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí alágbàfọ̀ tó ní ju ẹ̀rọ kan lọ máa ra irú kan ṣoṣo.

Láti inú ìṣirò yìí kan náà ni ọgbọ́n mìíràn ti jáde. Bẹ́líìtì kan, káábọ̀nù méjì, fáàfù kan àti pọ́ńpù kan nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù yóò yọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn kúrò. Bí wọ́n bá sì ń yọ 200 náírà sọ́tọ̀ nínú èrè ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan, 2,000 náírà ni lójúmọ́, 52,000 náírà sì ni láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 26. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìtọ́jú tó ń dín àtúnṣe kù

Kí wọ́n máa tú àpò gbogbo aṣọ wò kó tó wọnú ẹ̀rọ. Kí wọ́n má ṣe ki aṣọ kún ẹ̀rọ jù, ìwọ̀n kílò tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Kí wọ́n fi asẹ́ sí ojú omi bóòhóòlù kó tó dé ẹ̀rọ. Kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀rọ dọ́gba nílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń mì ló ń tètè jẹ bíárìn. Kí wọ́n máa fọ asẹ́ pọ́ńpù lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, kí wọ́n máa nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn lálaalẹ́, kí wọ́n sì fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó ń fò sókè sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan máa ń da fíníígà sínú ẹ̀rọ láti tú ìdọ̀tí inú rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ Jíìkì láéláé, nítorí èéfín olóró ló ń jáde nínú àdàlù náà, yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù, wáyà iná àti bíárìn, kí wọ́n fún ẹni tó kọ́ ọ. Èyí tó kù, alágbàfọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè kọ́ ọ. Kódà, bí oníṣẹ́ ni yóò bá ṣe é, ẹni tó ti mọ ohun tó bàjẹ́ kó tó pè é kò ní san owó bọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ asẹ́.